Ọkọ̀ Òfuurufú Tó Lọ sí Tulsa

214 Òpópónà Cedar,
Bellhaven,
Ìpínlẹ̀ Kansas.
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹrin, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Loretta,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti ń rìn láìlo ọ̀pá? Àwọn ọmọ-ọmọ yín ní Oregon lọ́hùn-ún ńkọ́? Èmi náà ń mí. Láti oṣù Kìíní tí a ti sin Verlin ọkọ mi, ara mi le. Ọkàn mi ni kò tíì dé ilé.

Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi mí sí ipò Verlin àbúrò yín ní yunifásítì. Rárá o. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ní kí n ṣe adelé olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n àwọn obìnrin, torí pé ọdún mẹ́tàlá ni mo fi jẹ́ igbákejì rẹ̀. Ìdíje mẹ́rìnlá la gbá, àwọn ọmọbìnrin wa sì borí nínú mọ́kànlá. Bí adelé bá jókòó pẹ́, a gbàgbé pé àga kì í ṣe tòun.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni wọ́n ní kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, aago méjì ọ̀sán. Mo kọ́kọ́ yà mu kọfí ní ilé oúnjẹ Ardith. Ẹ mọ ìlú yìí: bí yunifásítì bá ti ń wá kóòṣì, gbogbo ènìyàn a máa fi fóònù ṣọ́ ọkọ̀ òfuurufú yunifásítì, kí wọ́n lè mọ ibi tó ti lọ gbé kóòṣì tuntun. Ardith kò jẹ́ kí n jókòó.

"Marlys, ọ̀rẹ́ mi, má bínú sí mi o. Ọkọ̀ wọn ti gbéra láàárọ̀. Ìlú Tulsa ló lọ."

"Bóyá ìpàdé ni wọ́n bá lọ."

Bàbá kan tó ń jẹ ẹyin bú sẹ́rìn-ín. "Ìpàdé kẹ̀! Wọ́n ti ń padà bọ̀. Ta ló ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé ìpàdé wálé?"

Síbẹ̀, mo lọ. Kent Brubaker, ọ̀gá ẹ̀ka eré ìdárayá, ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún ọdún márùn-ún. N kò tíì sọ ti ọdún kejì tán tí fóònù rẹ̀ fi gbọ̀n. Ó dojú fóònù náà dé orí tábìlì.

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé wọ́n ti balẹ̀ ni?"

"Marlys, jọ̀ọ́. Òfin ló ní ká bá èèyàn mẹ́ta sọ̀rọ̀ ká tó gba ẹnikẹ́ni."

"Èmi wá ni ìkẹta?"

"Ìwọ ni ìkẹta."

Ó ní kí n dúró ṣe igbákejì kóòṣì tuntun tí ọkọ̀ náà gbé dé, torí pé ọkùnrin náà kò mọ orúkọ ọmọ kankan nínú ẹgbẹ́ wa. Mo gbà, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bú mi. Inú ilé ìdáná àwọn ìyá wọn ni Verlin ti ṣèlérí pé a ó rí àwọn ọmọ náà títí wọn yóò fi gboyè. Ẹni tó ṣèlérí ti lọ, ìlérí kò bá a lọ.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti gbogbo ilé. Bí ẹ bá rí fọ́tò ọkùnrin náà nínú ìwé ìròyìn, tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ojú ibẹ̀ gan-an ni Verlin ṣubú sí lọ́jọ́ tó kú. Mo sọ fún ayàwòrán náà. Ó ní ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti dára jù.

Èmi tí mo ṣì jẹ́ aya àbúrò yín,
Marlys Stucky.