Súwíìtì Méjì Nínú Àpò Lẹ́tà

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín, mo kí àwọn ọmọ. Àlàáfíà la wà. Orúnkún tó ń dun Màámi ti fúyẹ́. Wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn, wọ́n sì ti tún ń bá gbogbo wa jà.

Ilé-iṣẹ́ súwíìtì wa kógbá sílé lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ má bá mi kẹ́dùn o! Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń fi bébà wé súwíìtì atalẹ̀ níbẹ̀, mi ò dé ìdí ìkòkò rí. Bàbá tó ń sè é, tí wọ́n máa ń lé wa jáde tó bá ti kù díẹ̀ kó jinná, àwọn fúnra wọn ló pè mí lọ́jọ́ ìkẹyìn: "Ìyá Oníbébà, súnmọ́ bí. Àbí kí n gbé àṣírí rẹ̀ wọ sàréè?" Àṣé ìgbà tí wọ́n bá sọ ìkòkò kalẹ̀, tí híhó rẹ̀ rọlẹ̀, ni wọ́n tó ń da omi atalẹ̀ sí i!

Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè jókòó mọ́. Mo ti sè é lẹ́ẹ̀mẹrin. Àkọ́kọ́ le bí òkúta. Màámi ní ṣé eyín àwọn ni mo fẹ́ gbà ni. Ìkẹrin, háà! Mo fẹ́ máa ṣe é tà.

Méjì ló wà nínú àpò lẹ́tà yìí: ọ̀kan ti ilé-iṣẹ́, ọ̀kan tèmi. Bébà kan náà ni mo fi wé wọn, èmi gan-an ò sì mọ èwo ni èwo mọ́. Ẹ bá mi tọ́ wọn wò, ẹ̀yin tí ahọ́n yín kì í parọ́.

Olúwa á máa ṣọ́ yín lọ́nà jíjìn. Bí ẹ bá rí ìyàtọ̀, ẹ tètè kọ̀wé. Bí ẹ ò bá rí i, a jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ wa ò tíì kógbá sílé.

Àbúrò yín.