Ọjọ́ Tí Ẹ Túmọ̀ Rọ́ọ̀kì sí Àpáta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Rọ́ọ̀kì Kristẹni ni orin tí àwọn onígbàgbọ́ ń fi gìtá oníná, gìtá béèsì àti ìlù òyìnbó kọ. Ìlù rẹ̀ le, ohùn gìtá rẹ̀ sì máa ń há bíi ti rédíò tí sípíkà rẹ̀ ti ya, àmọ́ ọ̀rọ̀ Jésù ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Ó yẹ kí n ti ṣe àlàyé yìí fún yín ní ọjọ́ tí mo fún yín ní ìwé ìkéde orin àwa ọ̀dọ́ ìjọ. Ọ̀rọ̀ òyìnbó méjì péré ni mo fi pe orin náà níbẹ̀, mo sì fi ìyókù sílẹ̀ fún yín.

Láìpẹ́ yìí, ìgbìmọ̀ ìjọ mú ìwé kan wá bá mi lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ti kọ ọ́ tán, ìbuwọ́lùwé mi nìkan ló kù. Ó ní èmi, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wọn ìgbọ́ràn, jẹ́rìí pé gìtá oníná ń ba etí jẹ́, nítorí náà kí àwọn ọ̀dọ́ má lò ó mọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Nígbà tiwa, Bàbá, ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n pè é. Ní báyìí, àìsàn ni. Tí mo bá fọwọ́ sí i, orin àwọn ọmọ yẹn ti parí nìyẹn, nítorí ta ni yóò bá dókítà etí jiyàn lórí ọ̀rọ̀ etí?

Mo mú ìwé náà lọ bá Màámi nílé wọn ní Madina, níbí ní Accra, kí wọ́n lè bá mi wò ó. Wọ́n kà á, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n wá sọ ohun kan fún mi tí n kò mọ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí. Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ mọ̀ pé n kì í lè sọ òpin ọ̀rọ̀ ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ni ògbufọ̀ ìjọ nígbà náà. Akọ̀wé á ka ìkéde ní èdè Òyìnbó, ẹ̀yin á wá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn àgbà. Àwa tí wọ́n bí sí Accra kì í dúró gbọ́ yín. A ti gbọ́ ti Òyìnbó, kí la tún fẹ́ gbọ́? Tí ẹ bá ti fi ìka gbá makirofóònù lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹ ṣe máa ń gbá orí rédíò kí ẹ tó tú u, a ti wà lẹ́yìn ilé, lọ́dọ̀ obìnrin tó ń din kóósé, àkàrà àwọn ará Gánà. Mo ń bẹ̀ yín fún gbogbo àwọn Sọ́ńdè wọ̀nyẹn. Ohùn yín ni mo ń fi sílẹ̀ tí mo ń lọ jẹ kóósé. Ní báyìí, ohun tí n bá fi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kò sí.

Nítorí kóósé náà ni n kò fi mọ ohun tí ẹ kà. Ìwé mi sọ pé rọ́ọ̀kì Kristẹni ni a máa kọ ní Sátidé, aago mẹ́ta ọ̀sán. Rọ́ọ̀kì sì ni Òyìnbó ń pe àpáta. Ohun tí ẹ kà sétí ìjọ ni pé àwọn ọ̀dọ́ máa kọ orin Kristi Àpáta, kí àwọn àgbà má ṣe jẹ́ kó ṣẹ́yìn wọn.

Ogún ọ̀dọ́ ni a ń retí. Nígbà tí mo gbé gìtá wọlé, mo bá gbogbo Ẹgbẹ́ Màmá lórí ìjókòó iwájú, pẹ̀lú gèlè funfun, ìwé orin àti abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Alàgbà Dáníẹ́lì, olórí àwọn alàgbà, ti wà lẹ́nu àdúrà, ó ti gbà á láti orí ilé tí wọ́n kọ́ sórí àpáta dé orí Pétérù. Kwame tó ń lu ìlù fún wa, ọmọ Akan tí kò gbọ́ Yorùbá kankan, sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí.

“Chale, ọ̀rẹ́ mi, ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú.”

“Kí ló wá kó àwọn Màmá wọ̀nyí jọ nínú aṣọ funfun?”

Mo ní n kò mọ̀. Lóòótọ́ ni n kò mọ̀. Mo fẹsẹ̀ tẹ àpótí kékeré tó wà nílẹ̀, mo fọwọ́ gbá okùn gìtá.

Ẹ mọ ohun tí àpótí yẹn ń ṣe, torí ẹ ti bá mi jà lórí rẹ̀ nílé. Ohùn dà bí òkè àti àfonífojì. Bí a bá ní kí ẹ̀rọ gbé ohùn tó ju agbára rẹ̀ lọ, kò ní lè gbé góńgó orí òkè náà, ńṣe ló máa gé e pẹrẹsẹ. Ojú ibi tó ti gé e ni etí wa ń gbọ́ bí ìró tó há. Àwa onírọ́ọ̀kì ń wá ìró yẹn ni. Ẹ̀yin sì rèé, iṣẹ́ òòjọ́ yín ni kí ẹ lé e jáde. Mo ṣì ń gbọ́ ohun tí ẹ sọ ní ọjọ́ tí mo gbé àpótí náà wálé, tí irin tí ẹ fi ń yọ́ òjé wà lọ́wọ́ yín:

“Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń yọ ìró yìí kúrò nínú rédíò ọlọ́rédíò ní ìsọ̀ mi ní Circle. Ìwọ wá lọ fowó rà á wá sínú ilé mi!”

Gbogbo ilé ìjọsìn gbọ́ ìró náà ní Sátidé yẹn. Abẹ̀bẹ̀ já bọ́. Alàgbà Dáníẹ́lì dìde.

“Ẹ pa á! Ẹ pa á! Ẹ̀rọ yẹn ti jó! Bàbá Onírédíò dà? Ẹ bá mi pè é kó wá bá àwọn ọmọ yìí tún un ṣe!”

Ẹ dìde láti ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ rọra ń bọ̀, pẹ̀lú awò ojú yín tí ẹ fi òwú so. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá fi lè pa á, tí ẹ sọ pé ó ti bàjẹ́, àwọn àgbà á gbà pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló pa á, a ò sì ní gbé gìtá wọ ibẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé etí lé ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde, ẹ gbá a lórí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá nàró.

“Kò bàjẹ́. Bó ṣe máa ń ké nìyẹn.”

“Bó ṣe máa ń ké? Bàbá Onírédíò, ṣé orin Àpáta tí ẹ pè wá wá gbọ́ nìyí?”

“Òun náà ni, Alàgbà. Àpáta ló ń fọ́ yẹn. Ẹ fara balẹ̀, omi máa tó jáde níbẹ̀.”

Màmá kan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ran àwọn yòókù. Àwọn kan kó ìwé orin wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn tó pọ̀ jù jókòó. Orin mẹ́rin la kọ, a ò sì mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ò bi mí rí ìdí tí mo fi fẹ́ràn orin tí ẹnikẹ́ni kò bọ̀wọ̀ fún. Nínú ìjọ, wọ́n ní ti èṣù ni. Ní yunifásítì, àwọn ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ràn rọ́ọ̀kì ní orin ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tó lọ yá jákẹ́ẹ̀tì awọ wọ̀ ni. Ẹni tó ń ta sídíì ní Circle, tí ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí tiyín, fi mí ṣẹ̀sín lójú gbogbo èèyàn: “Sista, rọ́ọ̀kì tí kò lè búni, rọ́ọ̀kì wo nìyẹn?” Kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Bóyá ohun tó fi wọ̀ mí lára nìyẹn. Ní ilé ìwé, Anago, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá ní Gánà, ni wọ́n ń pè mí. Tí a bá lọ kí àwọn èèyàn yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Gánà ni mí. Orin yẹn nìkan ni n kò nílò láti ṣàlàyé ara mi fún.

N kò sì ní purọ́ fún yín, àwọn tó ń bú u kò ṣàìrí nǹkan kan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ju àfarawé lọ, wọ́n kàn mú orin aláìgbàgbọ́, wọ́n fi orúkọ Jésù dípò orúkọ ọmọge. Tiwa náà wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ èyí tó jẹ́ pé ẹni tó ń kọ ọ́ ń bínú sí Ọlọ́run, tí kò sì fi Ọlọ́run sílẹ̀. Orin tó dùn tó sì tẹ́jú kò lè gbé irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Ó ju agbára rẹ̀ lọ. Ó ní láti há.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé Sátidé yẹn, ẹlòmíràn ló túmọ̀ ìkéde. Mo bi yín léèrè. Ẹ ní ọ̀fun ló ń dùn yín. Mo lọ ra oyin wá. Àràárọ̀ lẹ ń lá ṣíbí kan níwájú mi títí ìgò náà fi tán. Ẹ ò padà sẹ́nu iṣẹ́ ògbufọ̀ mọ́ títí ẹ fi papò dà. Mo rò pé ọjọ́ orí ni.

Ohun tí Màámi sọ fún mi nìyí.

“Ọ̀fun wo? Ọ̀fun kankan kò dun bàbá ẹ. Ìgbìmọ̀ ló pè é. Wọ́n ní kó dìde lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kó sọ pé ọmọ òun ló tan òun jẹ, kí wọ́n gba gìtá lọ́wọ́ yín. Tó bá ti sọ ọ́, wọn ò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọmọ òun kò tan òun jẹ. Wọ́n ní kó kúkú lọ jókòó.”

“Màámi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Ó ní o ò ní lè ta gìtá dáadáa mọ́ tó o bá mọ̀.”

Mo wá ní, ó dára, ṣùgbọ́n èmi ni mo fa àṣìṣe náà, torí n kò ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún yín. Màámi wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ ọdún mẹ́ta.

“Bàbá ẹ tó ń gbọ́ rédíò láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀? Nígbà tí àwọn FM pọ̀ bí omi ní Accra? Òun ni kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní rọ́ọ̀kì? Kẹ́kọ̀ọ́ lọ, ọmọ mi.”

Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni? Ṣé ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá pè é ní rọ́ọ̀kì, àgbà kan kò ní wá, tí wọn kò bá sì wá, a ò ní jẹ́ nǹkan kan lójú wọn? Àbí ẹ kàn ka ohun tí ẹ rí ni, tí Màámi ń fi ìfẹ́ kún un? Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì, bí mo ṣe máa ń yẹ etí aláìsàn wò. N kò rí ìdáhùn. Ìdúpẹ́ nìkan ni mo ń rí níbikíbi tí mo bá yí i sí.

Mo tún dúpẹ́ fún ìgbà tí ìgbọ́ràn yín lọ sílẹ̀, tí mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí yín létí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ fi irin wẹ́wẹ́ tú u. Mo bínú. Ẹ ní ó ń há. Mo gbé e wò nínú àpótí ìdánwò, ó sì ń há lóòótọ́, díẹ̀ báyìí, èyí tí etí mi tí mo fi kàwé kò gbọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí kí yunifásítì tó fún mi ní ìwé ẹ̀rí.

Nítorí náà, n kò fọwọ́ sí ìwé ìgbìmọ̀. N kò sì bá wọn jà. Mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ariwo lọ sí ìjọ ní Sọ́ńdè, mo jókòó, mo wọn ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin. Alàgbà Dáníẹ́lì, tó ń fi ọ̀pá rìn báyìí, dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

“Dókítà, gìtá yẹn ńkọ́? Ó burú, àbí?”

“Ó ga díẹ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n sáńbà àwọn Màmá ló ga jù. Oníwàásù wa ló tẹ̀ lé e.”

“Àwọn Màmá? Háà! Ìwọ ni wàá sọ fún wọn o. Èmi ti darúgbó.”

Mo sọ fún ìgbìmọ̀ pé etí kò mọ orin èṣù yàtọ̀ sí orin áńgẹ́lì. Bí ohùn ṣe ga tó àti bó ṣe pẹ́ tó nìkan ló mọ̀. Ìgbìmọ̀ gbà kí gìtá dúró, kí n sì kọ ìlànà kan tó kan gbogbo ohun tó ń dún. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Ohun tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn báyìí nìyí:

Nígbà tí orin bá ń lọ lọ́wọ́, lọ dúró síbi ìjókòó tó sún mọ́ sípíkà jù. Na apá rẹ tán, kí ẹnì kejì rẹ dúró níbi tí ìka rẹ dé. Bá a sọ̀rọ̀ bí o ṣe máa ń sọ ọ́ nínú ilé. Bí o bá ní láti pariwo kó tó gbọ́, yí ohùn náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gbọ́ ọ.

Èmi ọmọ yín obìnrin, tí ìfẹ́ yín kò jẹ́ kó mọ iye tó ná yín.