Ẹni Tó Pín Atẹ́gùn: Ìgbésí Ayé Bàbá wa Gotthilf Wörnle (1931–2019)

Abúlé Hinterweiler, láàárín ọgbà àjàrà lókè odò Rems, ni wọ́n bí bàbá wa sí ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 1931. Christian Wörnle, àgbẹ̀ àjàrà àti alàgbà ìjọ, ni bàbá tó bí wọn. Ìyá wọn ni Pauline, obìnrin tí kì í fi nǹkan ṣòfò, tí kì í sì í rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ọmọ méjì péré ni ìyá àgbà bí: bàbá wa, àti àbúrò wọn, Bàbá Eugen, tó wà lórí ìjókòó iwájú lónìí. Bí ìyá àgbà bá se Maultaschen, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ẹran sínú, kíkà ni wọ́n ń kà á sínú àwo, márùn-ún síhìn-ín, márùn-ún sọ́hùn-ún. Ẹ̀yin ará ilé mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe nìyẹn ní ọ̀dọ̀ wa: ilẹ̀, oúnjẹ, àga, gbogbo rẹ̀ dọ́gba láàárín àwọn ọmọ.

Ilé-ìwé abúlé ni bàbá wa lọ títí di ọdún 1945 tí ogun parí. Ọdún náà ni wọ́n wọlé iṣẹ́ páànù lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Schorndorf, tó kọ́ wọn láti gé páànù, láti tẹ̀ ẹ́, àti láti fi òjé jó o pọ̀. Ọ̀gá yìí le. Bí iṣẹ́ bá wọ́ díẹ̀ báyìí, ẹ̀yìnkùlé ló ń jù ú sí. Ibẹ̀ ni bàbá wa ti kó àìsàn kí gbogbo nǹkan ṣáà tọ́, wọn ò sì rí oògùn rẹ̀. Ní 1956 tí wọ́n gbé ìyá wa Luise, ọmọ Häußermann, níyàwó, a gbọ́ pé bàbá wa kọ́kọ́ tún pátákó nọ́ḿbà orin tó wọ́ lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ṣe kí wọ́n tó kúnlẹ̀.

Bàbá àgbà Christian kú ní 1958. Ìyá àgbà na okùn sórí ọgbà àjàrà, wọ́n sì gé e sí méjì. Bàbá wa gba ìsàlẹ̀, Bàbá Eugen gba òkè. Ó dọ́gba, kò fi ẹsẹ̀ kan lé. Pé òkè náà kún fún òkúta, tí omi kì í dúró níbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde.

Eré ọkọ̀ ni Bàbá Eugen fẹ́ràn ju àjàrà lọ. Ní 1961, àwọn méjèèjì kan ọkọ̀ eré kékeré kan fúnra wọn, wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìjàpá sínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà kò ní omi, kò ní rédíétọ̀. Atẹ́gùn tí fáànù ń fẹ́ nìkan ló ń tù ú. Iṣẹ́ bàbá wa ni láti fi páànù la ọ̀nà tí atẹ́gùn yóò gbà dé ara sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ṣe ọ̀nà mẹ́rin tó dọ́gba, tó ń dán, débi pé àwọn èèyàn ń ti Waiblingen wá wò ó.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1962, nínú ìdíje ọkọ̀ tó ń sáré gun òkè, ẹ́ńjìnnì náà gan mọ́ Bàbá Eugen lọ́wọ́. Táyà ẹ̀yìn dúró gbagidi, ọkọ̀ sì yí wọ inú igbó. Ẹsẹ̀ Bàbá Eugen kán ní ibi méjì. Sìlíńdà kẹta ló jóná, èyí tó wà lẹ́yìn ibi tí ọ́ìlì ti ń tutù. Láti orí ibùsùn ni Bàbá Eugen ti búra pé bí ẹsẹ̀ bá san, òkè yẹn kan náà ni àwọn yóò tún gùn lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá àgbà wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá wa, wọn ò jókòó.

“Gotthilf, ọmọ méjì ni mo bí. Má fi páànù pa ọ̀kan fún mi.”

Bàbá wa sọ fún wa ní ọjọ́ alẹ́ wọn pé nígbà ogun pàápàá, ẹ̀rù ò ba àwọn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n fi rúlà wọn ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó dọ́gba. Wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n tún un ṣe. Ó tún wá dọ́gba sí i. Nígbà tó sú wọn, wọ́n gé òjé wẹ́wẹ́, wọ́n fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sára sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré dáadáa. Ẹyọ mẹ́ta dúró. Ti sìlíńdà kẹta yọ́, ó kán sílẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n rí i pé ara ọ́ìlì gbígbóná ni atẹ́gùn tirẹ̀ ń gbà kọjá, tó fi jẹ́ pé kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti gbóná. Bàbá Eugen wà níbẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n dì lé orí àga, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n ṣe pín ọgbà fún wa náà nìyẹn. Ó dọ́gba lóòótọ́, àmọ́ òkúta ló kàn mí.”

Bàbá Eugen ní ọdún mẹ́rin gbáko ni àwọn ti ń wá ibi tí àwọn máa sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí.

Bàbá wa gé iṣẹ́ ẹlẹ́wà náà sọnù. Wọ́n la ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún sìlíńdà kẹta, tààrà láti ẹnu fáànù, kò fara kan ọ́ìlì rárá, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Wọ́n dín ti àwọn mẹ́ta yòókù kù kí tirẹ̀ lè tó. Ó wọ́, ó sì wú bí ẹsẹ̀ tí oyin ta. Ọ̀gá wọn àtijọ́ rí i, ó béèrè bóyá wáìnì ni wọ́n fi ń ṣínu báyìí. Ó dun bàbá wa gan-an, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kan rúlà.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1963, Bàbá Eugen tún gun òkè náà. Ìyá àgbà dúró ní ìsàlẹ̀, wọ́n di ìwé orin mú, wọn ò kọrin. Nígbà tí ọkọ̀ dé òkè, gbogbo èèyàn ń wo aago, bàbá wa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Òjé tuntun mẹ́rin tí wọ́n fi sára àwọn sìlíńdà kí eré tó bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sí èyí tó yọ́. Ipò karùn-ún ni wọ́n ṣe. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbà ka Maultaschen sínú àwo: márùn-ún fún Bàbá Eugen, mẹ́fà fún bàbá wa. Kí ọdún náà tó parí, bàbá wa gé lára ìsàlẹ̀ ọgbà tiwọn fún àbúrò wọn, láìlo okùn.

Láti ìgbà náà títí di 1994, ọ̀nà atẹ́gùn tí bàbá wa ṣe fún ọkọ̀ eré lé ní igba. Àwọn awakọ̀ ń ti Austria àti Switzerland wá bá wọn. Wọ́n jẹ́ alàgbà ìjọ fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ọwọ́ wọn ni wọ́n fi tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ṣe lẹ́ẹ̀mejì láìgba kọ́bọ̀. Ìyá wa Luise ṣíwájú wọn ní 2011. Bàbá wa tẹ̀ lé wọn ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 2019, lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún.

Àwọn tí wọ́n gbẹ̀yìn wọn ni Bàbá Eugen, àwa ọmọ wọn, Dorothea, Martin àti Annegret, ọmọ-ọmọ méje, àti ọmọ méjì tí àwọn ọmọ-ọmọ bí.

Ìwé ìpín ogún wọn yà wá lẹ́nu. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù di ti Annegret, tí ọkọ rẹ̀ ti wà lórí àìsàn láti ọdún mẹ́fà. Inú bí àwa méjì yòókù. A ò ní purọ́ níwájú òkú. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni a ṣí agolo tábà kan ní ṣọ́ọ̀bù, a bá òjé mẹ́rin ọdún 1963 nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ìṣó kọ nọ́ḿbà sí lára, pẹ̀lú ìwé péńpé tí wọ́n kọ pé: “Ẹ má na okùn. Ẹ wo ẹni tí ooru ń jó jù.”

Bàbá Eugen mú ẹyọ kẹta nínú òjé náà, wọ́n ní tàwọn nìyẹn, wọ́n sì fi sápò. Mẹ́ta yòókù ń bá bàbá wa lọ.

Ó dàárọ̀ o, Gotthilf ọmọ Pauline. Kí atẹ́gùn tútù máa fẹ́ sí yín níbi tí ẹ wà. Ẹ sùn re, Bàbá. A ò bínú mọ́.