Pa Ìlà Tìrẹ Rẹ́, Adégbénró

Ilé Olókè,
Ìgbòho.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, 1996.

Adégbénró ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa ní Àgbowó? Ṣé oúnjẹ ń wọlé? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n sunkún rẹ, àmín. Àlàáfíà la wà, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀. Ike pẹlẹbẹ tó o ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ wà nínú rẹ̀, tó o ní kí n bá ọ tọ́jú, mò ń sá a sóòrùn láràárọ̀ kó má baà bu.

Lẹ́tà rẹ ni kò jẹ́ kí n gbádùn. O ní ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ náà, pé ẹnikẹ́ni lè lò ó, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn, àti pé ìwé àṣẹ kan ti wà nílẹ̀ fún irú rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Kí ló wá dé tó o fi ìlà tìrẹ kún un pé ṣọ́jà kò gbọdọ̀ lò ó? Láyé ìjọba ṣọ́jà tá a wà yìí, Adégbénró! Bí mo bá ti gbọ́ ìró mọ́tò níta báyìí, àyà mi á já. O tún ní Mánsúrù tẹ́ ẹ jọ ń gbé, tẹ́ ẹ jọ pín iṣẹ́ náà ṣe, ti fi ìlà kún tirẹ̀ náà, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á, kálukú yín sì ní ohun tí wọ́n bá so mọ́ tòun gbọ́dọ̀ gba òfin tòun nìkan. Tìrẹ ń wá káàdì aláìsàn, tirẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ síwèé, wọn ò wá ṣeé so pọ̀ mọ́, ọsibítù tó ń dúró dè yín ní Ring Road kò sì rí ọ̀kankan lò. Ìyàwó ṣọ́jà kì í wá bímọ sí ọsibítù ni?

O mọ kànga bàbá mi. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fi lélẹ̀: ẹni tó bá fà, kó jẹ́ kí ẹlòmíràn fà. Nígbà tí wọ́n kú, Adéróunmú ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹnikẹ́ni má wọ bàtà débẹ̀. Islamiat aya rẹ̀ ní garawa dúdú kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Èmi náà, torí ìjà èmi àti Láwùmí àbúrò mi, mo ní ará ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ fà á bí n kò bá sí nílé. Bẹ́ẹ̀ là ń fi kún un, ó sì ń dùn mọ́ wa.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, mo wà ní Ṣakí, ará ilé wà lóko, ni ilé Láwùmí bá gbiná. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé garawa sáré dé ẹnu kànga, wọ́n sì dúró. Wọ́n ní Ìyá Adégbénró kò sí nílé. Odò ni wọ́n sáré lọ. Kí wọ́n tó dé, àká àgbàdo ti jó, yàrá ti jó, iná sì ti bó Láwùmí lọ́wọ́ méjèèjì. Kò bú mi o. Ó ní àwọn ọmọ òun gbọ́ràn ni. Ojú ń tì mí, ọmọ mi.

Mo ti pa ìlà tèmi rẹ́ lójú gbogbo ilé, Adéróunmú àti Islamiat sì ti pa tiwọn rẹ́. Ó ku ìwọ àti Mánsúrù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí ìwé tí gbogbo ayé mọ̀, kí ọsibítù rí nǹkan lò.

Bá mi fi owó okùn tuntun àti garawa ránṣẹ́. Láwùmí ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ fà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tíì san, èmi ni mo ń pọnmi fún un.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò dé ilé tí ẹsẹ̀ rẹ kò dé, ẹnikẹ́ni kò sì ní dúró lẹ́nu rẹ̀ kó máa bèèrè ẹni tó wà nílé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Túnráyọ̀.