Pákó Tí Mo Fi Ba Orúkọ Yín Jẹ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, lájùlé ọ̀run níbi tí ẹ wà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọwọ́ mi ò yá nínú ìwé kíkọ, ẹ fara dà á fún mi.

Ojú ń tì mí. Ikán ti jẹ pákó tí ẹ gbẹ́ fún mi ní kékeré, èyí tí mo máa ń dùbúlẹ̀ lé lórí odò, tí ìgbì ọkọ̀ eléèéfín á gbé mi dé èbúté. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń fẹ́ irú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n má wá gbẹ́nàgbẹ́nà kankan, ọmọ agbẹ́kọ̀ ni mí. Mo gbé igi ahùn kalẹ̀, mo mú àáké yín.

Bàbá, kí ni mo rántí? Ọkọ̀ ni mo máa ń rí lọ́wọ́ yín, mo bá yọ ikùn róbótó sábẹ́ pákó bíi ti ọkọ̀. Lẹbẹ kékeré bíi ti ẹja tí kì í jẹ́ kí pákó yà kúrò lọ́nà, iwájú ni mo kàn án mọ́, torí iwájú ni atukọ̀ wa ń dúró sí pẹ̀lú ọ̀pá. Ìyá Ladi, ará Nupe tó ń yan ẹja létí odò, wò ó títí. Ó ní, "Màmá, ẹja wo lẹ rí tó ń fi imú tukọ̀?" Mo ní kó lọ mójú tó iná rẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ẹni tó gbẹ́ ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gùn ún. Mo gùn ún lójú gbogbo èrò. Ìgbì kan péré ló yí mi dà bí àkàrà inú epo, aṣọ ìró mi bá odò Ọya lọ. Bí mo ṣe jáde, tí omi ń kán lára mi, mo sọ fún wọn pé bí bàbá mi ṣe ń gbẹ́ tiẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tí pákó yín ò dojú dé rí.

Mo padà fá ikùn rẹ̀ dànù, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo gbẹ́ abẹ́ ìrù wọnú díẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà gbà, mo kan lẹbẹ mọ́ ẹ̀yìn. Ó ń lọ tààrà báyìí. Wọ́n ní mo gbọ́n ju bàbá mi lọ. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ gbọ́ ọ?

Mi ò tọrọ àforíjì rí, ẹ mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n lónìí mò ń tọrọ ọ. Láàárọ̀ yìí mo sọ fún Ìyá Ladi pé irọ́ ni mo pa mọ́ yín, kó bá mi sọ fún àwọn èrò. Ó ní òun ò ní sọ, ẹnu tó ba orúkọ bàbá jẹ́ ni kó tún un ṣe.

Àwọn èrò ti ń pé jọ sétí odò. Bàbá, mò ń lọ sọ òótọ́ fún wọn.

Èmi ni, olórí kunkun ọmọ yín, tí ọkàn rẹ̀ ò kúrò lọ́dọ̀ yín.