Ẹní Róbà Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Ìyá Rẹ

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwa náà wà níbí, à ń jẹ, à ń sùn, a sì ń jí, ìyẹn nìkan tó ọpẹ́. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ yín, á máa ṣọ́ àbọ̀ yín. Àpótí oníná tí o sọ pé ó máa ń gbé ọ gòkè lọ sí ọ́fíìsì láràárọ̀, kò ní gbàgbé ọ sí agbedeméjì lọ́jọ́ kan, torí mi ò mọ ẹni tí à bá bẹ̀ kó wá yọ ọ́ jáde.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé mò ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù tí o rà fún wa yìí dára, ṣùgbọ́n owó inú rẹ̀ kì í tán níbi tí a bá ti ń kí ara wa, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ dé orí rẹ̀ ló máa ń tán sí. Mo ti ṣọ́ ọ títí, mo sì ti gbà pé ó ń gbọ́ ohun tí à ń sọ. Ọ̀rọ̀ tí mo ní lọ́tẹ̀ yìí gùn, mo sì jẹ̀bi níbì kan nínú rẹ̀, mi ò fẹ́ kí fóònù já mi kulẹ̀ níbẹ̀.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. A ti dí ibi tó ń jò lókè ilé ìdáná. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, aládùúgbò wa, ṣì wà pẹ̀lú ewúrẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, ìwé ìròyìn àtijọ́ ló sì ń kà, tó bá kà á tán á wá ròyìn rẹ̀ fún mi bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ bàtà kò fi bẹ́ẹ̀ yá, torí bàtà tí àwọn èèyàn ń wọ̀ báyìí, tó bá ti já, wọ́n á jù ú nù ni. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, mo ń jókòó ti bẹ́ńṣì mi, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń gbé bàtà tó ti lanu wá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹní. O rántí pé láti ìgbà tí ìyá rẹ ti ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n to egungun itan rẹ̀ ní ọsibítù, orí àga ló ń gbé. Dókítà eegun ní egungun ti so, ohun tó kù ni kó máa fi ara rẹ̀ kọ́ bí èèyàn ṣe ń lọ sílẹ̀ àti bó ṣe ń dìde. Ìwọ náà wá sọ lórí fóònù pé tó bá fi máa di òpin oṣù yìí tí kò lè dá dìde nílẹ̀, wàá gbé mọ́tò wá mú un lọ sọ́dọ̀ rẹ. Mo bi ọ́ pé èmi ńkọ́, o ní yàrá tó ṣẹ́kù nílé yín kéré, kí n ṣì ní sùúrù. Mo ní ó dára. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo kan gìgísẹ̀ bàtà oníbàárà kan sí òdì, mo tú u, mo tún kàn án sí òdì. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo ti ń bá ìyá rẹ jókòó jẹun, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a jẹ.

Torí náà inú mi dùn nígbà tí awakọ̀ gbé ẹní náà dé, tó ní ìwọ lo ní kí ìyá rẹ máa fi ṣe eré ìdárayá tí wọ́n ń pè ní yógà. A tú u. Ó jẹ́ aláwọ̀ aró, ó nípọn bí àtẹ́lẹ̀ bàtà ọmọdé, ìwé kan sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ya èèyàn méjìlá sí. Mo fi ara balẹ̀ wo ìwé náà. Ẹnì kan ti fi orí gúnlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè. Ẹnì kan ti ká mọ́ra, apá rẹ̀ há sábẹ́ orúnkún. Òmíràn di òpó mú láìsí òpó níbẹ̀. Ẹni tó kẹ́yìn nà gbalaja, ó pajú dé, mi ò fẹ́ sọ ohun tí mo rò nípa ìyẹn. Mo ní àwọn tó ṣe ẹní yìí kúkú jẹ́ olóòótọ́, wọ́n ya gbogbo ẹni tó ti ṣubú lórí rẹ̀ síbẹ̀ kí onílé lè kíyè sára.

Ẹní náà kì í fẹ́ dùbúlẹ̀. Bí mo bá tẹ́ ẹ, etí rẹ̀ méjèèjì á ká sókè. Ìwọ náà mọ iṣẹ́ mi, ìdí bẹ́ńṣì yẹn lo ti kọ́ ìrìn. Awọ tuntun tó bá le tó ń ká, òróró la fi ń pa á, tó bá mu òróró yó, á dẹ̀. Mo gbé òróró awọ mi jáde, mo pa ẹní náà níwájú, mo pa á lẹ́yìn, mo fi àkísà nù ún títí mo fi ń rí irùngbọ̀n mi nínú rẹ̀. Ìyá rẹ ò sí níbẹ̀, ó ń sinmi ní yàrá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fà á lọ́wọ́ wá síbẹ̀, mo to ìrọ̀rí sẹ́yìn rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e. Ẹní náà lọ síwájú, ìyá rẹ ò bá a lọ. Orí ìrọ̀rí ló bọ́ sí, Ọlọ́run ṣeun, kò sí ohun tó ṣe é, nọ́ọ̀sì kan láti ọsibítù sì wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá rẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò mí, ó ní kí n gbé àga òun wá. Ó ní òun ò ní gun ẹní yẹn mọ́.

Bí o ṣe pè nìyẹn. O bínú sí ẹni tó tà á fún ọ, lẹ́yìn náà o ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èyí tó bá jẹ́ tuntun ṣe máa ń yọ̀, pé kí a da iyọ̀ sí i, kí a fi omi nù ún, kí a sá a, ká wá máa fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. O tún ní kí ìyá rẹ má ṣe ojo bí ọmọdé. Èmi ni mo di fóònù náà mú sí i létí, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mi ò sì sọ̀rọ̀. Ibi tí mo ti jẹ̀bi nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yé mi, torí iyọ̀ náà ni wọ́n fi ń tọ́jú awọ tútù kó tó dé ọwọ́ wa. Mo da ọ̀pọ̀ iyọ̀ sí i, mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìnkùlé, mo wọlé lọ wá omi. Nígbà tí mo máa fi jáde, ewúrẹ́ Tíṣà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà lórí rẹ̀, wọ́n ń lá a. Mo fẹ́ lé wọn, mo wá rí i pé ahọ́n wọn rí háráhárá, ibi tí wọ́n bá sì ti lá, kò dán mọ́. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà, Tíṣà ò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ó kàn ní wọ́n ń mu omi jù ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan fífi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bàtà tuntun tó bá há oníbàtà lẹ́sẹ̀, èmi ni mo máa ń bá a wọ̀ ọ́ káàkiri ṣọ́ọ̀bù títí á fi gbà, ohun tí mo ṣe fún ẹní náà nìyẹn. Mo tẹ́ ẹ sí pálọ̀, mo ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí rẹ̀ láràárọ̀ kí n tó lọ síṣẹ́. Ìyá rẹ jókòó sórí àga, ó ń wò mí.

Tíṣà ló ṣí fíìmù tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù fún mi, ti ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń kọ́ni ní eré náà. Mo dé fìlà, mo de bọ́tìnnì mi tán kó tó yọjú. Mo kí i, kò dáhùn, mo gbà pé iṣẹ́ ló wà lójú ẹ̀. Tíṣà ní ó ní kí á mí sínú, kí á mí síta. Mo bi Tíṣà pé ṣé wọ́n sọ fún un pé a kì í mí tẹ́lẹ̀ ni. Nígbà kan, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, kò mì mọ́. Tíṣà ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Àánú ọmọ náà ṣe mí, mo ní kí Tíṣà pa á kíá kí ọmọ ọlọ́mọ lè sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.

Ní ọjọ́rú tó kọjá, lọ́sàn-án, mo rí i pé ẹní náà ti dẹ̀. Ó sùn sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kò yọ̀ mọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ ṣe eré náà fúnra mi kí n tó bẹ ìyá rẹ. Mo tan fíìmù náà bí Tíṣà ṣe fi hàn mí, mo jókòó lé ẹní, mo ká ẹsẹ̀ bí ọmọbìnrin yẹn ṣe ká a, mo yí ara sí ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn. Nǹkan kan dún ní ìbàdí mi. Mo fẹ́ dìde, ara kọ̀. Mo fẹ́ na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀. Mo pe Tíṣà, Tíṣà ti da ewúrẹ́ lọ. Ọmọbìnrin inú fóònù ní kí n mí sínú. Mi ò fẹ́ pe ìyá rẹ, mo kàn jókòó síbẹ̀.

Mo gbọ́ tí àga dún ní yàrá. Mo gbọ́ ọ̀pá tó fi ń rìn, kò, kò, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ ọ̀pá mọ́, ẹsẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Ó dúró sí etí ẹní. Ó wò mí títí. Ó wá ní, “Kí lẹ fi pa ẹní yìí lọ́jọ́ tó dé?”

Mo ní iyọ̀ ni. Ó ní iyọ̀ kọ́, ti iyọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn tí òun ṣubú ni. Ìbàdí ń dùn mí. Mo wá ní òróró awọ ni.

Ó ní òun mọ̀. Ó ní láti ọdún tí òun ti ń fọ òróró yẹn kúrò lára aṣọ mi, ṣé òun ò ní mọ òórùn rẹ̀ lára àtẹ́lẹsẹ̀ òun ni. Ó ní ẹní kò ba òun lẹ́rù rí, ẹnu mi ni òun ń wò, torí mo jókòó tì í gbọ́ tí ọmọ tí òun bí ń pe òun ní ojo, mi ò sì sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ká ní ẹ ò sọ ọ́ títí mọ́tò fi dé ni, ǹ bá wọ̀ ọ́ lọ.”

Àkọ́bí mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ohun tó ṣe mí ní ìbàdí kò tó ìyẹn rárá. Mo bẹ̀ ẹ́ láti ilẹ̀ tí mo wà. Ó di ọwọ́ àga pálọ̀ kan mú, ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀, ó fi èkejì tẹ̀ lé e, ó sì wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí dókítà eegun ṣe fi kọ́ ìyá rẹ gẹ́lẹ́. Ó fi èjìká bọ abẹ́ apá mi. Ó ní kí n mí sínú, mo mí sínú. Ó ní ó yá. A sì dìde. Àwa méjèèjì ti dúró tipẹ́ kí Tíṣà tó wọlé tó béèrè pé ọ̀pá ìyá dà, ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé ara ògiri yàrá ni ọ̀pá wà.

Láti ọjọ́ náà, ó ń lọ sílẹ̀ láràárọ̀, ó sì ń dá dìde. Lánàá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni, Tíṣà ló bá wa kà á. Torí náà, má wulẹ̀ háyà mọ́tò mọ́. Bí o bá rí owó díẹ̀, fi ránṣẹ́ kí n fi ra òróró tí wọ́n fi ń pa ìbàdí àti gọ́ọ̀mù bàtà, torí àwọn ọmọ ilé ìwé máa wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Jọ̀ọ́, pe ìyá rẹ kí o sì bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ojo yẹn, èmi ni mo fà á.

Èmi ò tíì lè dá dìde o. Ìyá rẹ ló ṣì ń fà mí dìde. Mo bi ìyá rẹ lánàá pé bí mọ́tò bá dé náà ńkọ́, ṣé ó máa lọ. Ó ní ta ló máa gbé mi nílẹ̀.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí, á dá ti ọkọ rẹ sí. Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá wà nílẹ̀, ẹni tó máa fà ọ́ dìde kò ní jìnnà sí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ