Bàtà Ọlọ́wọ́ Òsì

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Ara gbogbo wa le. Orúnkún Bàbá nìkan ló ń dùn wọ́n. Abala awọ méjì ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ìdì òwú mẹ́ta ti tán, ìda oyin tó kù kò ju ẹyin àdàbà lọ.

Bàtà kan ló fà á. Àwọn tó ń wá ohun àtijọ́ hú u jáde nínú ẹrẹ̀, wọ́n ní kí n ṣe irú rẹ̀. Bí mo bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, àfi bíi pé ẹni tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ sílẹ̀, tó ní òun ń bọ̀. Mo ka ihò ojú rírán rẹ̀: mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Gbogbo wọn dagun sí òsì. Tèmi ń dagun sí ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rán an, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú u.

Bàbá gbé bàtà àtijọ́ náà sójú fèrèsé, wọ́n wo ojú rírán rẹ̀.

"Ọlọ́wọ́ òsì ló rán èyí."

"Ṣebí ẹ ní ọwọ́ òsì kì í rán bàtà?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sì fi lé ẹ̀gbọ́n rẹ kúrò nídìí iṣẹ́. Kọ̀wé sí i, sọ fún un pé mo bẹ̀ ẹ́. Ẹnu mi ò ní lè gbé e lórí fóònù."

Kí ọwọ́ yín máa ríṣẹ́ ṣe, kí ẹsẹ̀ yín sì mọ ọ̀nà ilé. Awọ kẹta wà lórí tábìlì, n kò fi òòlu kàn án; ọwọ́ yín ló ń dúró dè. Gbèsè tó kù nílẹ̀: ihò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

Àbúrò yín